Ikùn Tí Kò Gba Mílíìkì

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń kanlẹ̀kùn Ìyá Ìdrís ní gbogbo Agbowó n'Íbàdàn. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀. Ìdrís wà l'Ábújá níbi tó ti ń bá wọn kọ́lé, Iléyá sí Iléyá ló ń yọjú. Kì í ṣe ọkọ ẹ̀, torí Mánsúrù kápẹ́ńtà, tó fọwọ́ ara ẹ̀ kan gbogbo òrùlé ilé pupa yẹn, ti lo ọdún mẹ́fà nínú ilẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ ẹ̀ náà kì í kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ni wọ́n ń gbà kọjá, "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà," kí Màmá sì tó dáhùn, wọ́n ti sọdá títì, wọ́n ti dé géètì yunifásítì.

Oníwàrà ló ń kanlẹ̀kùn. Obìnrin Fúlàní kan ni, tó ń ti Mọ́níyà wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ wá pẹ̀lú igbá mílíìkì lórí, ọmọrí tí wọ́n fi koríko hun sì bo igbá náà dé etí. Kì í polówó bí àwọn tó kù. Ìdí ahá tó fi ń bu mílíìkì ló máa fi gbá ilẹ̀kùn, kó, kó, kó, lẹ́ẹ̀mẹta, á wá sọ pé, "Ìyá, ṣé ẹ jíire?" Ohùn Kìṣí ló fi ń sọ ọ́, torí gáà kan lẹ́yìn Kìṣí ni wọ́n bí i sí, Kìṣí náà sì ni wọ́n ti bí Ìyá Ìdrís. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kéèyàn ti kúrò nílé láti ọgbọ̀n ọdún, kó wá jẹ́ pé Fúlàní ni yóò máa fi ohùn ilé kí i láràárọ̀.

Oníwàrà á kọ́kọ́ da díẹ̀ sí Ìyá Ìdrís látẹ́lẹwọ́. Ìyẹn á tọ́ ọ wò, á mirí bí adájọ́. Lẹ́yìn náà ló máa wọn ahá méjì sínú abọ́ tánganran tó ní àwọ̀ búlúù létí, á wá fi ìdajì ahá ṣe ènì. Ènì yẹn ló máa ń dájà sílẹ̀.

"Ènì yìí mà kéré o. Ṣé ẹ̀yin Fúlàní ò mọ ènì ni?"

"Ìyá, ẹ lọ bá màlúù sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe mílíìkì."

"Màlúù ẹ láhun bíi tìẹ."

"Ẹ lọ mu ti inú agolo nígbà náà. Agolo ò ní màlúù, kò sì ní ènì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Oníwàrà á sọ igbá kalẹ̀, á jókòó sórí pèpéle, á mu omi tútù, á wá béèrè pé, "Ìdrís ńkọ́? Ṣé ó ti kọ̀wé?" Kò tún sí ẹlòmíì tó ń béèrè Ìdrís. Wọ́n á sọ̀rọ̀ Kìṣí díẹ̀, bí iṣu ọdún yẹn ṣe rí, ẹni tó kú, ẹni tó fẹ́yàwó kejì. Nígbà tí oòrùn bá ti kan ẹsẹ̀ wọn lórí pèpéle, oníwàrà á dìde, á gbé igbá ẹ̀ rù, á kọrí sí Bọ́díjà, ó di Baṣọ̀run. Ilé á wá dákẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ká sòótọ́, Ìyá Ìdrís ò nílò mílíìkì. Ó máa ń gbé e kaná, á fún omi ewé bọmubọmu tó hù lẹ́bàá fẹ́ǹsì sí i títí tó fi máa dì, á gé e ní wàrà, á dín in, á pín in fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ilé kún, ìyẹn ò nira. Àmọ́ lọ́dún 1996 yẹn, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n gba ilé bàbá wọn lọ. Yàrá mẹ́fà, kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìdrís wá ṣe Iléyá, ọjọ́ méjì péré ló lò, ó ní ọ̀gá ń dúró de òun. Ìyá Ìdrís jẹ wàrà láàárọ̀, ó jẹ wàrà lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ títí tó fi kan lẹ́nu ẹ̀, síbẹ̀ tó bá dàárọ̀ ọ̀la, á tún gbé abọ́ jáde. Tó bá lóun ò rà lónìí, ṣé ẹsẹ̀ oníwàrà á tún dúró níbẹ̀?

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é báyẹn, Ìyá Ìdrís ò sì bi oníwàrà lórúkọ rí. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Níbo la ti ń bi oníṣòwò lórúkọ? Oníbúrẹ́dì ni oníbúrẹ́dì, eléédú ni eléédú. Òun náà ńkọ́, ta ló ń pè é lórúkọ? Ìyá Ìdrís ni, tàbí Màmá. Mùsílímátù tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, ó ku díẹ̀ kí òun fúnra ẹ̀ gbàgbé ẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá yẹn ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láràárọ̀. Wọ́n ní inú ń run àwọn ọmọdé kan ládùúgbò, wọ́n ní ikọ́ tó wà lára màlúù lè gba inú mílíìkì tí wọn ò sè wọ ara èèyàn. Káńsù wá ṣòfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta mílíìkì tí wọn ò sè kiri mọ́ àfi tó bá ní káàdì lọ́rùn. Ẹni tó bá sì ní káàdì, láràárọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé igbá ẹ̀ lọ sí àtíbàbà kan lẹ́yìn ọjà màlúù Bọ́díjà, kí wolé-wolé ki gíláàsì bọ̀ ọ́, kó wò ó bóyá omi wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ sè é kó tó fẹnu kàn án.

"Wọ́n ní ká wá gba káàdì," ni oníwàrà wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí pèpéle.

"Káàdì mílíìkì? Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní kí màlúù wá gba káàdì ìdìbò."

Oníwàrà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ojú. Ó ní, "Ìyá, wọ́n lẹ́ni tó bá..." Ìyá Ìdrís ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó ti rántí àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ ní Kìṣí, bí wọ́n ṣe máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ìkòkò omi, tí wọ́n bá rí tanwíjí kan ṣoṣo, wọ́n á mú onílé lọ sí kóòtù; bí ìyá òun ṣe jókòó lé ẹnu ìkòkò lọ́jọ́ kan, tó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, òun ò lè dìde. Ìtàn yẹn dùn, ó sì gùn. Nígbà tó fi máa parí, oòrùn ti kan ẹsẹ̀ wọn, oníwàrà sì dìde, ó gbé igbá ẹ̀ rù, ó lọ. Ohun tó fẹ́ sọ bá a lọ.

Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ ni wolé-wolé dé.

Ọ̀sán ni. Ìyá Ìdrís ti gbé mílíìkì kaná lẹ́yìn ilé, ó wá mú ìgbálẹ̀ níwájú. Ó rí ọkùnrin kan tó wọ kakí, tó há fáìlì sábíyá, ó ń bọ̀ gan-an sí ẹnu ọ̀nà òun. Kó tó mọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti fa ọmọrí bo dúrọ́ọ̀mù omi.

"Ẹ kúulé mà. Adégbọlá lorúkọ mi, káńsù ni mo ti wá. Mà, ṣé ẹ mọ Sàfíyà?"

"Sàfíyà wo?"

"Obìnrin Fúlàní kan láti Mọ́níyà. Ó ní ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ra mílíìkì lọ́wọ́ òun."

Ìyá Ìdrís ò mọ Sàfíyà kankan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ó mọ̀ pé káńsù ò ní rán èèyàn láti Bọ́díjà wá torí kó wá kí òun. Ẹni tí wọ́n bá ń wá, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu òun ni wọ́n máa gbà mú un.

"Mi ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mílíìkì kẹ̀? Èmi kì í mu mílíìkì. Ikùn mi ò gbà á."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mílíìkì ti hó kọjá ẹnu ìkòkò lẹ́yìn ilé. Ó ta sínú iná, ṣàà, òórùn ẹ̀ gba ọ̀ọ̀dẹ̀ jáde, ó dé iwájú, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Adégbọlá fà á símú. Ó wo Ìyá Ìdrís. Ìyá Ìdrís wo òkèèrè.

"Mà, kì í ṣe pé a fẹ́ mú ẹnikẹ́ni o. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Ọ̀gá, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa lọ, ọlọ́jọ́ ò ní ka tiyín."

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí kí mílíìkì fúnra ẹ̀ jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ó ṣí fáìlì, ó fa ìlà kan, ó dágbére, ó lọ.

Inú Ìyá Ìdrís dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ha ìkòkò tó jóná, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ti to gbogbo bóun ṣe máa sọ ọ́ fún oníwàrà lọ́la: bóun ṣe kọjú sí wolé-wolé, bí mílíìkì ṣe fẹ́ dójú ti òun, bí òun náà ṣe wá dà bí ìyá òun lórí ìkòkò. Láàárọ̀, ó ti gbé abọ́ sórí pèpéle kí bọ́ọ̀sì Mọ́níyà tó dé.

Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Ó ní bóyá ọkọ̀ ni, torí bẹntiróòlù wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó ní bóyá ara ẹ̀ ni ò yá. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kó má bàa jẹ́ pé òun ni ò gbọ́. Ẹ mọ bí ilé tí ò séèyàn nínú ẹ̀ ṣe ń rí. Gbogbo nǹkan ló ń jọ ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn. Máńgòrò já bọ́ lu páànù, ó dìde. Ewúrẹ́ aládùúgbò fara gbá géètì, ó dìde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé wọ́n ti mú un, wọ́n ti rí i mú níbòmíì, ẹlòmíì ti sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wé gèlè ẹ̀, ó kọrí sí Bọ́díjà.

Àtíbàbà náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Àwọn obìnrin Fúlàní tò níbẹ̀ pẹ̀lú igbá wọn, káàdì funfun lọ́rùn kálukú. Adégbọlá wà níwájú wọn, ó di gíláàsì gígùn kan mú, ó ń kì í bọ igbá kan tẹ̀ lé òmíì.

"Ọ̀gá, ẹ kúuṣẹ́. Mò ń wá oníwàrà mi."

Adégbọlá wo ìlà náà látòkè délẹ̀. "Màmá, oníwàrà ni gbogbo wọn."

"Tèmi ò sí ńbẹ̀."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ìyá Ìdrís ò rántí orúkọ tí ọkùnrin yìí pè lọ́jọ́sí mọ́. "Ó pupa díẹ̀. Ó tín-ín-rín. Ó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀."

"Ìyá," ni obìnrin kan wí láti inú ìlà, "ẹ wò wá dáadáa, èwo nínú wa ló sanra?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Adégbọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú Ìyá Ìdrís. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ nilé pupa l'Agbowó? Ẹ̀yin tí ikùn yín ò gba mílíìkì?"

Ọkùnrin náà fa àga kan fún un, ó wá ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣàlàyé lọ́jọ́sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì gbọ́dọ̀ mú ilé kan wá, ilé tó ti ń tà fún ju ọdún kan lọ, kí onílé fẹnu ara ẹ̀ sọ pé mílíìkì ẹ̀ mọ́, kò lómi nínú. Ìyẹn nìkan ni. Ilé kan ṣoṣo ni Sàfíyà mú wá.

"Ó ní ìyá kan wà l'Agbowó, ọmọ Kìṣí, pé ìyẹn máa sọ̀rọ̀ fún òun. Mo bi í lórúkọ yín, ó lóun ò mọ̀ ọ́n, Ìyá lòun máa ń pè yín. Mo ní kó kúkú júwe ilé. Nígbà tó padà wá gba káàdì, mo sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un pé mo ní mi ò mọ̀ ọ́n?"

"Iṣẹ́ mi ni mà."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó kàn gbé igbá ẹ̀."

"Sàfíyà," ni Ìyá Ìdrís wí. Ó rọra pè é, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Ó jókòó síbẹ̀ tí wolé-wolé fi wo igbá méjì, ó wá dìde. "Kí ló dé tẹ́ ò ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Màmá, ṣé ẹ jẹ́ n ṣàlàyé? Ẹ̀yin èèyàn wa, tí wolé-wolé bá wá pín ẹran Iléyá, ẹ máa lẹ́ ò sí nílé."

"Ó dáa, ọmọ mi, kọ ọ́ padà. Kọ ọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rin. Kò bomi là á rí, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ń tọ́ ọ wò. Kọ ọ́."

"Ta ni kí n kọ pé ó sọ ọ́?"

"Ìyá Ìd..."

"Orúkọ yín gan-an mà."

"Mùsílímátù," ló wí. Ó jọ ọ́ létí bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹlòmíì.

Adégbọlá kọ ọ́. Aláàánú ọmọ ni, ó mú káàdì tuntun kan, ó kọ Sàfíyà sí i, ó nà án sí i. "Kó fúnra ẹ̀ wá tẹ̀ka síbí. Tí ò bá tíì tẹ̀ka, páálí lásán ni."

Láti ibẹ̀ gan-an ló ti wọ bọ́ọ̀sì Mọ́níyà, káàdì nínú gèlè. Ó béèrè, wọ́n júwe, ó fẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko kan títí tó fi débi tí gáà wà. Ahéré mẹ́rin ni ò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, ìgbẹ́ màlúù ti gbẹ lójúde. Bàbá àgbà kan ló bá tó ń lọ́ okùn lábẹ́ igi.

"Ẹ máa bínú, Bàbá. Sàfíyà ni mò ń wá."

"Wọ́n ti kó màlúù gòkè. Òjò ti ń dé, eṣinṣin ìsàlẹ̀ yìí ń pa màlúù."

"Sàfíyà náà bá wọn lọ?"

"Àwọn obìnrin tó ní káàdì dúró, a fi abo màlúù díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lápá ibẹ̀ yẹn. Sàfíyà ò ní káàdì. Kí ló fẹ́ dúró ṣe?"

Ìyá Ìdrís fọwọ́ kan gèlè ẹ̀. "Ibo ni wọ́n gbà lọ?"

"Òkè Kìṣí."

Kìṣí. Ibi tóun fúnra ẹ̀ ò dé láti ìgbà tí wọ́n ti sin Mánsúrù, torí ta ló kù tó fẹ́ lọ bá? Ó dúró sójúde yẹn, kò mọ bóun á ṣe rẹ́rìn-ín, kò mọ bóun á ṣe sunkún.

"Tí ẹnikẹ́ni bá ń gòkè lọ, ẹ bá mi rán an sí Sàfíyà pé mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ padà. Ẹ ní káàdì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Kí n ní ta ló wí? Ìyá ta ni?"

"Ẹ ní Mùsílímátù. Mùsílímátù ti Agbowó. Ẹ ní mo ti mọ orúkọ ẹ̀."

Nígbà tó délé, ó fi káàdì náà kọ́ sára ìṣó tí Mánsúrù máa ń fi rúlà ẹ̀ kọ́, ó da ojú abọ́ tánganran dé. Àwọn oníwàrà mìíì ń kọjá lójú títì pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, kò pè wọ́n. Bọmubọmu ẹ̀bá fẹ́ǹsì ga, kò sẹ́ni tó já ewé ẹ̀. Òjò rọ̀ gbogbo èyí tó máa rọ̀. Lóṣù kẹwàá àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, rédíò mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin náà á ní ó tán nìyẹn, ilé kún. Àmọ́ ariwo ọ̀tọ̀, kéèyàn béèrè ọmọ ẹni ọ̀tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀gbẹ́ wíńdò kọjá, ó ní, "Màmá, wàrà wa ńkọ́?" Ìyá Ìdrís fẹ́ sọ ìtàn yẹn fún un látìbẹ̀rẹ̀. Kó tó yanu, ọmọ náà ti sọdá títì.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni, èékánná ń dun èèyàn, eruku ti bo gbogbo ewé. Kó, kó.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Kí ó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ló ti mọ̀ pé Sàfíyà kọ́. Ó ṣílẹ̀kùn ṣá. Ọ̀dọ́mọbìnrin Fúlàní kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí, ètè ẹ̀ ti hán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Mùsílímátù nìyí?"

Ìyá Ìdrís di férémù ilẹ̀kùn mú. "Òun nìyí."

"Sàfíyà kí yín. Ọmọ ẹ̀ obìnrin bí ìbejì lápá Kìṣí, òun ló ń bá a tọ́ wọn. Kò ní wá sí Ìbàdàn mọ́. Ó ní tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí n máa gbé mílíìkì wá fún Mùsílímátù l'Agbowó."

"Ó rí iṣẹ́ tí mo rán?"

"Ó rí i." Ọmọbìnrin náà ń pa ẹ̀rín mọ́ra, ó sì hàn pé wọ́n ti kọ́ ọ bó ṣe máa sọ ọ́. "Ó ní kí n bi yín pé, ṣé ikùn yín ti ń gba mílíìkì báyìí?"

Ìyá Ìdrís yíjú padà, ó lóun fẹ́ mú abọ́. Ó pẹ́ nínú ilé ju ibi tí abọ́ wà lọ. Ó ṣí abọ́ tánganran nídojúdé, ó fọ eruku ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi etí ìró nujú. Lára ìṣó, káàdì Sàfíyà ti ń pọ́n, ibi tó yẹ kó tẹ̀ka sí nìkan ló funfun báláú.

Nígbà tó jáde, ọmọbìnrin náà ti ń bẹ̀rẹ̀ kó sọ igbá kalẹ̀ sórí pèpéle.

"Dúró ná. Má tíì sọ̀ ọ́."

Káàdì wà lọ́rùn ẹ̀, wọ́n kọ orúkọ sí i gàdàgbà, àmọ́ Ìyá Ìdrís ò wo káàdì. Ojú ló ń wò.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Zùwáírátù ni."

"Zùwáírátù," ni Ìyá Ìdrís wí. Ó wí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wá na àtẹ́lẹwọ́ sí i. "Ó dáa, sọ igbá ẹ. Àmọ́ mo sọ fún ẹ o, Zùwáírátù, èmi ò gba ènì tó kéré."